Ààwẹ̀ Yín àti Ọ̀rá Abẹ́ Ìyẹ́

Ẹ kú ilé o, Yèyé mi. Bí ó bá jẹ́ iwájú ilé lẹ jókòó sí nígbà tí wọ́n ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹ̀gẹ́ dé ni, ẹ kú àbọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi: ẹ kú iṣẹ́ ọ̀kadà, ẹ kú eruku ọ̀nà Ìlúpéjú sí Ìdó. Mo kí ìyàwó wa, ìyẹn aya Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹni tí èmi nìkan mọ oore tó ṣe mí ní oṣù yìí. Mo sì kí ẹ̀yin ìyá márùn-ún inú ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ ń bá Yèyé mi gba ààwẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìlú wa, kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí Yèyé mi nìkan, mo mọ ohun tí wọ́n á ṣe. Wọ́n á ká a, wọ́n á kì í sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á sì sọ fún yín pé Bọ́sẹ̀dé ní kí wọ́n kí yín.

Yèyé mi, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: mo fẹ́ kí ẹ ṣínu, kí ẹ má sì tún gba ààwẹ̀ kankan mọ́ nítorí ìwé ìgbélùú mi. Mo mọ̀ pé ẹnu ọmọ kò gba kí ó ní kí ìyá òun má gbàdúrà, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹun sí i. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fi pamọ́ fún yín, mo sì máa tú u síta kí n tó parí. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ti àwọn ẹyẹ ná, torí ara ẹyẹ ni ojú mi ti là.

Ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní erékùṣù yìí, èmi náà á sì máa fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. Ojú ló ń tì mí. Ẹni tó kàwé jáde ní yunifásítì, tó tún wọ bàálù lọ kà sí i, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹyẹ ni òun ń mú? Ó dára, ẹyẹ ni mò ń mú. Nígbà òtútù, mo máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé àlejò kan létí òkun. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, àti láti oṣù kẹjọ títí di ìkẹwàá, ilé kékeré kan tó wà lórí òkè ni mo wà, níbi tí a ti ń wo ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò kọjá. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní bàbá wa fi àtè mú ẹyẹ ní tiwọn láìlọ sókè òkun, wọ́n sì sun ún jẹ, èmi wá lọ kàwé kí n lè máa mú ẹyẹ tí n kò ní í jẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A máa ń ta àwọ̀n tó fẹ́lẹ́ bí irun orí sáàárín igi, a sì máa ń lọ wò ó ní wákàtí-wákàtí láti ìdájí. Ẹyẹ tó bá kó sí i, a ó tú u jẹ́jẹ́, a ó fi í sínú àpò aṣọ kékeré, a ó gbé e wá sórí tábìlì. A ó fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, a ó wọn apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó dá a dùbúlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí àyà rẹ̀ kọjú sókè, a ó wá rọra fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí ẹni ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà. Ìyẹ́ á là, ara á hàn. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn ń rí inú. Ní abẹ́ ọ̀fun rẹ̀, níbi tí eegun méjì ti pàdé, kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tọ́jú ọ̀rá sí. Ọ̀rá náà rí bí ti ìdí adìẹ ìbílẹ̀. Bí kòtò yẹn bá ṣófo, òdo la ó kọ sínú ìwé. Bí ọ̀rá bá kún un, tó sì ti dé ikùn, a ó kọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí ọ̀rá bo àyà rẹ̀ látòkè délẹ̀, mẹ́jọ ni. Kí a tó jẹ́ kí ó lọ, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ẹ mú ẹyin adìẹ kan dání, Yèyé mi. Ẹyẹ bíi mẹ́fà ló máa pa pọ̀ kí wọ́n tó wúwo tó ẹyin yẹn. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹyẹ náà sì ti ń bọ̀. Ẹ rántí àwọn ẹyẹ kéékèèké tí bàbá mi máa ń pè ní ẹyẹ ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn tí wọ́n máa ń dé nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n á máa ṣa kòkòrò jẹ lábẹ́ ewé kòkó. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, a ò ní í rí ẹyọ kan mọ́. Mo bi bàbá mi nígbà kan pé níbo ni wọ́n ń lọ, bàbá mi ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ibẹ̀. Yèyé mi, mo ti mọ ibẹ̀. Mò ń gbé ní ojú ọ̀nà wọn.

Kí wọ́n tó kúrò ní ilẹ̀ wa, wọn a jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọn a jẹ kòkòrò, wọn a jẹ èso, títí àwọn mìíràn nínú wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì. Wọ́n á wá gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló kọ́kọ́ wà níwájú wọn, kò sí igi, kò sí omi, kò sí kòkòrò kan ṣoṣo. Lẹ́yìn aṣálẹ̀, òkun. Ọ̀rá inú kòtò ọ̀fun yẹn àti ti abẹ́ ikùn ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀rá bá tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran àyà ara wọn, ìfun wọn pàápàá á sún kì. Ẹyẹ tí a fi òrùka sí lẹ́sẹ̀ lórí erékùṣù yìí ní ọdún tó kọjá, ibí náà ló tún ń gbà kọjá lọ́dún yìí. Kò sí ẹni tó fi ọ̀nà hàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ di irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ mú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkun dé, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, kòtò rẹ̀ ṣófo pátápátá. Eegun àyà rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì lábẹ́ ìka mi, ó sì ń wò mí. Ẹkún gbọ̀n mí. Nígbà tí mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fò lọ sórí igi tí kò jìnnà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kòkòrò lábẹ́ ewé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàn ti ojúde kan dé. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, n kò sì rí ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìlú ibí kéré, òtútù rẹ̀ ń wọ eegun, ó sì dá wọ̀. Kò sí ẹni tí ń kí ẹnìkejì pé ẹ kú iṣẹ́. Èdè wọn kò tilẹ̀ ní i. Torí náà, àwọn ẹyẹ ni mò ń kí: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, atẹ́gùn fẹ́ láti ìhà gúúsù, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, eruku pupa ti bo gbogbo ògiri funfun erékùṣù yìí. Àwọn ará ibí ń kùn, wọ́n ń da omi sí ilé. Èmi fi ìka gbá a lójú fèrèsé, mo gbóòórùn rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n. Eruku ọyẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni ẹyẹ pọ̀ jù nínú àwọ̀n wa, torí atẹ́gùn kan náà ló gbé wọn dé. Mo ronú pé bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti bà sórí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé wa, bóyá ó ti gbọ́ ohùn yín rí.

Ẹni tó ni àkóso ilé ẹyẹ náà jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Rósà lásán, bí ẹni ń pe ọmọdé, ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo wá ń pè wọ́n ní Màmá Rósà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, Màmá Rósà jókòó ti ìwé tí mò ń kọ nọ́ńbà sí, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n sì pè mí. Wọ́n ní òṣùwọ̀n sọ pé ẹyẹ wọ̀nyí fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ, kí ló dé tí mo kọ méjì sí ọ̀rá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?

Yèyé mi, n kò lè purọ́ fún wọn. Mo mọ̀ pé òdo ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ẹyẹ yẹn mú, tí mo rò ó pé láti ilẹ̀ wa ló ti ń bọ̀, tó la gbogbo ìyẹn kọjá, kálámù mi kì í gbà kí n kọ òdo. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí a bá lọ kí aláìsàn ní ilé wa, bó ti wù kó rù tó, a kì í sọ fún un pé ó ti rù. A ó ní ara rẹ̀ ti ń yá, a ó ní ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ ju ti ìjẹta lọ. Ohun tí mo ṣe fún àwọn ẹyẹ nìyẹn. Mo kọ méjì bí ẹni ń ṣàdúrà fún wọn.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún Màmá Rósà, èdè sì ń há mi lẹ́nu. Wọn kò pariwo mọ́ mi, ìbá sì sàn bí wọ́n bá pariwo. Wọ́n ní àánú mi dára, ṣùgbọ́n kò fi kòkòrò kan sẹ́nu ẹyẹ. Wọ́n ní ìdí tí a fi ń kọ òdo ni kí àwọn tó ní agbára lè mọ̀ pé ebi ń pa àwọn ẹyẹ yìí bí wọ́n ṣe ń dé, kí wọ́n má baà gé igbó kékeré tó kù fún wọn láti jẹun. Bí mo bá kọ méjì, wọ́n á ní kò séwu, wọ́n á sì gé e. A ò lè ṣàtúnṣe nọ́ńbà náà mọ́, torí àwọn ẹyẹ náà ti lọ. Màmá Rósà fa ìlà lórí gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì, a kò lò ó.

Ìbànújẹ́ yẹn kò tíì kúrò lára mi nígbà tí ìyàwó wa pè mí. Ó ní òun kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní òyì kọ́ yín nínú oko ẹ̀gẹ́, ẹ ṣubú, Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá gbé yín lórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù ní Ìdó, òun fúnra òun jókòó sẹ́yìn yín, ó gbá yín mú kí ẹ má baà já bọ́. Wọ́n fa omi sí yín lára. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹ má gba ààwẹ̀ mọ́. Ìyàwó wa ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún mìíràn ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ẹ wá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bọ́sẹ̀dé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, tí ẹ ní ara yín le kokooko, pé kí n gbàgbé ti ulé, kí n gbájú mọ́ uṣẹ́. Ẹ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ ti sanra débi pé búbá yín kò ṣe é wọ̀ mọ́. Ìyàwó wa ní lóòótọ́ ni kò ṣe é wọ̀, ó ti tóbi jù fún yín. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi tó yọ́ yà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbójú sókè níbẹ̀, ẹ ń kọrin. Yèyé mi, mo ti wo abẹ́ ọ̀fun ẹyẹ títí ó fi ń wọ ojú oorun mi. Mo wo abẹ́ ọ̀fun yín nínú fọ́tò yẹn, mo sì mọ nọ́ńbà tí mà bá kọ.

Mo fẹ́ bínú sí yín. Mo ti gbé fóònù láti pè yín kí n sọ̀rọ̀ líle, kí n tó rántí pé irọ́ tèmi ló burú jù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òun rèé, ó ti bá mi.

Ìwé ìgbélùú mi kò jáde. Èsì ti dé láti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹrin. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí n kúrò ní ilẹ̀ wọn kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Lẹ́tà náà wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ òtútù, ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń bi mí bóyá wọ́n ti pè mí, tí mò ń sọ pé a ṣì ń retí wọn. Ọjọ́ tí ẹ ṣubú nínú oko ẹ̀gẹ́, ohun tí ẹ ń pa ebi mọ́nú nítorí rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Èmi mọ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀. Bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ó dé, ẹ kì bá tí ṣubú.

N kò sọ ọ́ torí ojú tì mí. Mo ro ti gbogbo ohun tí ẹ tà kí n tó wọ bàálù. Mo rò pé ẹ̀yin ìyá inú ẹgbẹ́ á máa bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí àdúrà kò gbà. Mo sì ń sọ fún ara mi pé mò ń dáàbò bo ọkàn Yèyé mi. Irọ́ ni. Méjì ni mò ń kọ síbi tí òdo wà, ẹ̀yin náà sì ń kọ méjì padà sí mi láti Ìlúpéjú, ebi sì ń pa yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ foríjì mí. Ẹ má ṣe rò pé Ọlọ́run kò gbọ́ yín. Ara mi dá, mi ò sùn sí ìta rí, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi di iṣẹ́ ìyanu Rẹ̀ mú láràárọ̀.

Ẹyẹ tó fẹ́ la aṣálẹ̀ kọjá, ó gbọ́dọ̀ jẹun ná. Kò sí bí ẹyẹ kan ṣe lè fi ọ̀rá ara ẹlòmíràn fò. Ṣùgbọ́n èmi ti fi tiyín fò, Yèyé mi. Láti ìgbà tí ẹ ti ń yan gàrí lójú iná kí n lè rí owó ìwé, ara yín ni mò ń jẹ lójú ọ̀nà, n kò sì fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Ó ti tó.

Mò ń bọ̀ wálé. Nígbà tí ẹyẹ ọ̀gbẹlẹ̀ bá ń dé ní oṣù kẹwàá, èmi náà á ti dé. Màmá Rósà ti ṣèlérí àwọ̀n méjì àti òṣùwọ̀n kan fún mi. Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ mọ̀ jù ni bí àwọn ẹyẹ náà ṣe ń sanra ní agbègbè tiwa kí wọ́n tó gbéra. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ṣán igbó ẹ̀yìn oko kòkó bàbá wa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, mo ti gbà.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí gbogbo yín sí. Kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá máa lọ, kí ó máa bọ̀ ní àlàáfíà. Kí ó fún ìyàwó wa ní èrè òtítọ́ tó sọ, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a jà nítorí rẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ bá mi kí àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Ọ̀rin.

Ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí fún Yèyé mi, mo bẹ̀ ọ́, dúró níbí díẹ̀. Kí ìyàwó wa gbé ògì gbígbóná wá, torí inú tó ti ṣófo pẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyán. Yèyé mi, n kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín, ó sì tọ́ kí ó bí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹun ná. Ẹ jẹun lónìí, ẹ jẹun lọ́la, ẹ máa jẹun títí oṣù kẹwàá, kí ẹ lè ní okun tí ẹ ó fi nà mí nígbà tí mo bá dé.

Èmi ni ọmọ yín tó purọ́ fún yín, tó sì ń bọ̀ wálé,

Bọ́sẹ̀dé.